Lẹ́yìn owó iṣẹ́, kí la tún jẹ àwọn tó ń sìn wá níbi ayẹyẹ?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin la jọ ń múra ayẹyẹ ńlá kan sílẹ̀ nínú ẹbí, ọ̀rọ̀ kan sì ti fẹ́ di ìjà láàárín wa. Mo ní ká ya oúnjẹ àti owó díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn tó máa gbé oúnjẹ, àwọn tó máa fọ abọ́, ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà àti àwọn tó máa tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi kọ̀ jálẹ̀. Wọ́n ní a ti sanwó fún ilé-iṣẹ́ tó ń kó àwọn èèyàn náà bọ̀, pé ẹni tó bá ti gbowó iṣẹ́ kò tún ní nǹkan kan lọ́wọ́ wa mọ́, àti pé bí a bá kẹ́ òṣìṣẹ́ jù, kò ní ṣiṣẹ́. Ta ló jàre nínú àwa méjèèjì? Bó bá sì yẹ ká ṣe nǹkan, kí ni ká ṣe gan-an, nígbà wo?

* * *

Ẹ̀yin lẹ jàre. Ṣùgbọ́n ẹ má tíì lọ bá ẹ̀gbọ́n yín ṣe fáàrí, torí òótọ́ kan wà nínú ọ̀rọ̀ wọn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ọ̀nà tí owó ń gbà. Ẹ sanwó fún alásè tàbí fún olùṣètò ayẹyẹ. Alásè á pe ẹni tó máa ń bá a wá agbóúnjẹ. Ẹni yẹn á pe àwọn ọ̀dọ́ tó mọ̀, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló sì jẹ́ òṣìṣẹ́ ojúmọ́ tí kò fọwọ́ sí ìwé kankan. Ọwọ́ kọ̀ọ̀kan tí owó náà bá gbà kọjá ló ń mú tirẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó gbé àwo dé iwájú àlejò yín ló wà nídìí ìlà pátápátá, òun ló sì ń gba èyí tó kéré jù. Nígbà míì, kì í rí i gbà lálẹ́ ọjọ́ ayẹyẹ. Wọ́n á ní kó máa pè. Nítorí náà, nígbà tí ẹ̀gbọ́n yín bá ní “a ti sanwó”, wọn ò purọ́. Ẹni tí wọ́n sanwó fún àti ẹni tó máa dúró lórí ẹsẹ̀ láti àárọ̀ di òru ló yàtọ̀ síra.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wọn ti lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ ni pé owó ọpẹ́ kò gbọ́dọ̀ di owó iṣẹ́. Ní ọdún 1991, Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé, ILO, ṣe àdéhùn kan lórí àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtura àti ilé oúnjẹ, èyí tí í ṣe Àdéhùn nọ́ńbà 172. Ó wà níbẹ̀ pé owó tí oníbàárà bá fínnúfíndọ̀ fún òṣìṣẹ́, àfikún ni lórí owó tó yẹ kí oníbàárà san. Àti pé òṣìṣẹ́ gbọ́dọ̀ máa gba owó iṣẹ́ rẹ̀ déédéé, ì báà rí àfikún bẹ́ẹ̀ gbà, ì báà má rí i. Ọ̀gá tó bá ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ pé “ẹ ṣáà máa bọ̀, àwọn àlejò máa fún yín lówó” ti gbé ẹrù tirẹ̀ lé ẹ̀yin tẹ́ ẹ pe ayẹyẹ lórí.

Torí náà, oore àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ lè ṣe kò ná yín ní kọ́bọ̀. Kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn, ẹ bi ilé-iṣẹ́ náà pé: èèyàn mélòó lẹ ń kó bọ̀? Èló ló máa dé ọwọ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn? Ọjọ́ wo ni wọ́n máa gbà á? Ilé-iṣẹ́ tó ń ṣe dáadáa kì í bínú sí ìbéèrè yìí. Èyí tó bá yarí, ẹ ti mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ kí ọjọ́ tó kò.

* * *

Mo ti gbọ́ ohùn àwọn òǹkàwé tó dá sí ìbéèrè yìí, màá sì máa dá wọn lóhùn bí mo ṣe ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Apá kan ní “ẹ ṣé” látọkànwá ti tó. Apá kan ní owó ni ọpẹ́, pé ìyókù ariwo ẹnu ni. Mi ò sí lẹ́yìn ìkankan nínú wọn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀.

Mo gbé àwo níbi ayẹyẹ fún ọdún díẹ̀ nígbà tí mo wà nílé-ẹ̀kọ́, lẹ́yìn náà ni mo wá ń bá àwọn èèyàn ṣètò tiwọn. Lẹ́yìn gbọ̀ngàn, níbi tí àlejò kì í dé, owó ọpẹ́ kọ́ la kọ́kọ́ máa ń sọ. Ohun tá a máa ń bi ara wa ni: ṣé wọ́n máa jẹ́ ká jẹun? Níbo la máa kó báàgì àti aṣọ wa sí tí ẹnì kan ò ní jí i? Omi mímu dà? Bí ilẹ̀ bá ṣú, báwo la ṣe máa délé? Mo rántí ayẹyẹ kan tí wọ́n ti kọ́kọ́rọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ mọ́ àwa òṣìṣẹ́, wọ́n ní ti àlejò ni. Láti ọ̀sán la ti wà níbẹ̀. Ní òpin rẹ̀, onílé dúpẹ́ lọ́wọ́ wa nínú ẹ̀rọ gbohùngbohùn, gbogbo èèyàn pàtẹ́wọ́. Kò sí ẹnikẹ́ni nínú wa tí inú rẹ̀ dùn sí àtẹ́wọ́ yẹn.

Ohun tí mo ń sọ ni pé ètò ló ṣáájú ọpẹ́. Àwọn nǹkan tí mo máa ń béèrè fún nísinsìnyí, kí n tó gbà láti bá ẹnikẹ́ni ṣètò ayẹyẹ, kò pọ̀: yàrá kan tàbí igun kan tó ṣeé tì fún ẹrù wọn, omi tí wọ́n lè mu láìtọrọ ààyè, àga tí wọ́n lè fìdí lé nígbà tí iṣẹ́ bá rọlẹ̀, ilé ìgbọ̀nsẹ̀, àti ọkọ̀ fún àwọn tí iṣẹ́ máa pẹ́ jù fún. Ọ̀rọ̀ àga yìí máa ń fa àríyànjiyàn. Àwọn kan gbà pé bí àlejò bá rí òṣìṣẹ́ lórí ìjókòó, á dà bíi pé ọ̀lẹ ni. Ẹni tó bá rò bẹ́ẹ̀, kó dúró fún wákàtí 8 nínú bàtà tó le, kó tó tún sọ ọ́.

* * *

Alásè kan fèsì pé kò ṣeé ṣe láti bọ́ òṣìṣẹ́ kí àlejò tó jẹun, pé oúnjẹ á tán, wọ́n á sì dá alásè lẹ́bi.

Mo mọ ẹ̀rù yẹn, mo sì mọ ibi tó ti ń wá: wọn ò ka òṣìṣẹ́ mọ́ èèyàn nígbà tí wọ́n ń ṣírò. Bí àlejò bá jẹ́ 200, tí gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ bá sì jẹ́ 30, oúnjẹ èèyàn 230 lẹ máa ní kí alásè sè. Kẹ́ ẹ sì kà wọ́n dáadáa o. Gbogbo èèyàn máa ń rántí agbóúnjẹ. Àwọn tí wọ́n máa ń gbàgbé ni ayàwòrán tó ti dé ṣáájú gbogbo àlejò, ẹni tó ń ya fídíò, àwọn tó ń tọ́jú ẹ̀rọ orin, awakọ̀ tó kó àga wá tó sì ń dúró láti kó o padà, ẹni tó ń júwe ibi tí wọ́n á gbé ọkọ̀ sí nínú oòrùn, àti ẹni tó wà nídìí abọ́ tí kò rí ojú ayẹyẹ rárá.

Nígbà wo ni wọ́n máa jẹun? Èrò tèmi ni pé kí àlejò tó wọlé ló dáa jù. Bí ìyẹn ò bá ṣeé ṣe, kí ìdajì jẹ nígbà tí ìdajì ń ṣiṣẹ́, kí ẹnì kan tó lójú àánú sì máa darí rẹ̀, kó má bàa jẹ́ pé àwọn tó gbójú ló máa jẹ, kí ojo sùn lébi. Alásè náà á jèrè rẹ̀. Oúnjẹ tí wọ́n máa ń fi pamọ́ sábẹ́ tábìlì, tí gbogbo alásè ń pariwo lé lórí, ẹni tí ebi ń pa ló sábà máa ń ṣe é, torí kò dá a lójú pé nǹkan kan máa ṣẹ́kù fún òun.

Ọ̀rọ̀ àjẹkù wá kù. Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé ìwà ọmọlúàbí ni láti di gbogbo ohun tó ṣẹ́kù lórí tábìlì fún òṣìṣẹ́ lóru. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn ìlànà márùn-ún tí Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, gbé kalẹ̀ lórí oúnjẹ ṣe kedere: oúnjẹ gbígbóná gbọ́dọ̀ wà lókè ìwọ̀n 60 lórí Celsius títí a ó fi bù ú, oúnjẹ tá a bá sì ti sè kò gbọ́dọ̀ wà nínú afẹ́fẹ́ lásán ju wákàtí 2 lọ, èyí tó bá máa pẹ́ gbọ́dọ̀ wà ní ibi tútù tí kò tó ìwọ̀n 5. Oúnjẹ tó ti wà lórí tábìlì láti ọ̀sán, tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti kàn, tí àwọn èèyàn ti sọ̀rọ̀ lé lórí, ti kọjá ààlà yẹn nígbà tí ẹ ń dì í sínú ọ̀rá. Ẹ rò pé ẹ ń ta wọ́n lọ́rẹ, ó sì lè jẹ́ inú rírun lẹ ń dì fún àwọn ọmọ tó ń retí òbí wọn nílé.

Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n mú oúnjẹ lọ ilé, ẹ jẹ́ kí alásè dì í látinú ìkòkò nígbà tó ṣì gbóná, kó bò ó, kó sì tètè fún wọn, ẹ má sì bínú sí ẹni tó bá ní òun ò fẹ́. Àti pé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìyẹn sí oúnjẹ òòjọ́ wọn. Oúnjẹ òòjọ́ ni èyí tí wọ́n jókòó jẹ.

* * *

Ibi tí àríyànjiyàn ti gbóná jù ni ọ̀rọ̀ owó: ṣé ká fi lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́ ni, àbí ká fún ẹnì kọ̀ọ̀kan?

Àwọn tó wà lẹ́yìn ọ̀gá ní òun ló mọ ẹni tó ṣiṣẹ́ jù, pé bí a bá fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó wà nítòsí wa ló máa gba gbogbo rẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn lórí ẹni tó wà nítòsí yẹn tọ̀nà. Àwọn tó wà lẹ́yìn kí a fún wọn lọ́wọ́ ní ohun tí ọ̀gá bá gbà, àpò ọ̀gá ló ń sùn. Ìyẹn náà kì í ṣe àsọdùn. Ó ti ṣẹlẹ̀ débi tí wọ́n fi ṣòfin lé e lórí. Ní Amẹ́ríkà, àtúnṣe òfin tí wọ́n ṣe ní 2018 sọ pé agbanisíṣẹ́, máníjà àti alábòójútó kò gbọ́dọ̀ mú nínú owó tí oníbàárà fún òṣìṣẹ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin tí wọ́n ṣe ní 2023, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2024, pọn ọ́n ní dandan kí agbanisíṣẹ́ fi gbogbo owó bẹ́ẹ̀ fún òṣìṣẹ́ láìyọ nǹkan kan níbẹ̀, kó sì pín in bó ṣe tọ́. Wọn ò lè ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ bí kò bá jẹ́ pé àwọn ọ̀gá kan ń jẹ ẹ́ mọ́lẹ̀.

Ohun tí mo máa ń ṣe rèé. Mo máa ń gba orúkọ gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá wọn ní àárọ̀ ọjọ́ náà. Mo máa ń di owó sínú àpòòwé, iye kan náà fún gbogbo wọn, mo sì máa ń kọ orúkọ sí i lára. Bí iṣẹ́ bá ku díẹ̀ kó parí, ẹnì kan nínú ẹbí tó pe ayẹyẹ á tọ̀ wọ́n lọ níbi tí wọ́n wà, á máa pe orúkọ, á máa fi lé wọn lọ́wọ́, ọ̀gá wọn á sì wà níbẹ̀ tó ń wò. Ẹni tó wà nídìí abọ́ á gba tirẹ̀, ẹni tó tún ilé ìgbọ̀nsẹ̀ ṣe á gba tirẹ̀. Ọ̀gá náà lè ní àpòòwé tirẹ̀ lọ́tọ̀. Kò ṣòro rárá. Ìmúrasílẹ̀ ló ń gbà, torí ní òru ọjọ́ ayẹyẹ kò sẹ́ni tó máa rántí wá owó tó ti já sí wẹ́wẹ́.

Ẹ wo ìwé owó tí ilé-iṣẹ́ tàbí gbọ̀ngàn kọ fún yín pẹ̀lú. Bí wọ́n bá ti fi owó kan kún un, tí wọ́n ní ti àwọn òṣìṣẹ́ ni, ẹ béèrè bóyá ọwọ́ wọn ni gbogbo rẹ̀ ń dé. Bó bá ń dé ọwọ́ wọn, ẹ ti ṣe tiyín, àpòòwé kì í ṣe dandan. Bí ilé-iṣẹ́ bá wá ń fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n, ẹ ṣe àpòòwé.

Ẹnì kan ní ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká ti fún wọn lówó, kí ara wọn lè yá. Mo takò ó pátápátá. Owó tí a fún agbóúnjẹ ṣáájú iṣẹ́ ti ní ìdí mìíràn nínú: tábìlì ẹni tó fún un ló máa kọ́kọ́ dé, òun ló sì máa gba ẹran tó tóbi, àwọn àgbàlagbà tó jókòó sẹ́yìn á máa wò. Àwọn àlejò tó ń fa agbóúnjẹ sí kọ̀rọ̀ láti fi owó pọ́n ọn lọ́wọ́ kí oúnjẹ tiwọn lè pọ̀, ìmọrírì kọ́ ni wọ́n ń ṣe. Wọ́n ń ra ohun tí onílé ti pèsè fún gbogbo èèyàn, wọ́n sì ń ti ọmọ ọlọ́mọ sínú wàhálà pẹ̀lú ọ̀gá rẹ̀.

* * *

Ẹ̀yin àlejò náà, torí kì í ṣe onílé nìkan lọ̀rọ̀ yìí kàn. Ẹ wo ojú ẹni tó gbé nǹkan wá fún yín. Ẹ má ta ìka sí i, ẹ má pòṣé. Bó bá dé pẹ̀lú àwo gbígbóná lọ́wọ́, ẹ yẹ̀ fún un kó rí ààyè gbé e kalẹ̀, kẹ́ ẹ tó máa bá ìtàn yín lọ. Bí ife bá fọ́, ẹ sọ fún un. Ẹ má fi aṣọ tábìlì bò ó, torí ọwọ́ ẹni tó ń palẹ̀mọ́ nínú òkùnkùn ló máa bá a.

Ṣé ká máa to abọ́ jọ fún wọn? Ohun tí kálukú sọ lórí èyí yàtọ̀. Ní ti èmi, nígbà tí mo fi ń gbé àwo, mo fẹ́ràn kí àlejò ti abọ́ sún mọ́ mi ju kó tò ó gègèrè lọ, torí ọ̀pọ̀ máa ń to ife lé orí egungun àti ọbẹ̀, gbogbo rẹ̀ á sì yọ̀ bọ́. Ẹ bi í léèrè, á sọ èyí tó rọrùn fún un.

* * *

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò fẹ́ fi sábẹ́ ahọ́n sọ. Obìnrin kan béèrè pé kí ló yẹ kí onílé ṣe bí àlejò tó ti mutí yó bá ń fọwọ́ kan ọmọbìnrin tó ń gbé ọtí.

Kó dá a dúró lójú ẹsẹ̀ ni. Gbogbo àpòòwé àti gbogbo “ẹ ṣé” ayé yìí kò já mọ́ nǹkan kan bí òṣìṣẹ́ bá ní láti rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń fi ọwọ́ pa á lára, torí pé ẹni tó ń ṣe é jẹ́ ọ̀rẹ́ onílé. Àdéhùn nọ́ńbà 190 tí ILO ṣe ní 2019 lórí ìwà ipá àti ìfìtínà lẹ́nu iṣẹ́ kò dúró sórí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ nìkan. Ó fa àwọn ẹlòmíràn tí òṣìṣẹ́ ń bá pàdé lẹ́nu iṣẹ́ mọ́ ọn, oníbàárà wà nínú wọn. Ìmọ̀ràn tó bá àdéhùn náà rìn dárúkọ iṣẹ́ ìgbàlejò, iṣẹ́ fàájì àti iṣẹ́ òru lára àwọn iṣẹ́ tí èyí ti lè ṣẹlẹ̀ jù. Ayẹyẹ alẹ́ kó gbogbo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀.

Ẹ yan ẹnì kan nínú ẹbí ṣáájú ọjọ́ náà, ẹni tí ojú kì í tì láti bá àgbà sọ̀rọ̀. Ẹ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, kó sọ fún wọn pé, “Bí ẹnikẹ́ni bá ṣe ohun tí kò bójú mu sí yín, èmi ni kẹ́ ẹ wá bá, ẹ ò ní pàdánù owó yín.” Bó bá ṣẹlẹ̀, ọkùnrin ni kó máa gbé ọtí lọ sí tábìlì yẹn látìgbà náà, tàbí kí ọtí má lọ síbẹ̀ mọ́, kí wọ́n sì bá àlejò náà sọ̀rọ̀ ní kọ̀rọ̀. Bí kò bá gbọ́, kó máa lọ sílé. Mo ti rí ìyá àgbà kan tó ṣe é, ó ní kí mọ̀lẹ́bí òun dìde kó máa lọ, ayẹyẹ náà kò sì bàjẹ́.

* * *

Ọ̀rọ̀ ariwo orin náà wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ kì í sì ka dídín in kù mọ́ inúrere. Àlejò lè jáde lọ gba afẹ́fẹ́. Agbóúnjẹ tí wọ́n yan tábìlì ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ orin fún kò lè jáde. NIOSH, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń ṣèwádìí lórí ìlera òṣìṣẹ́, fi ààlà sí ìwọ̀n 85 decibel, èyí tí wọ́n fi ń díwọ̀n ariwo, fún wákàtí 8. Bí ariwo bá sì ti fi 3 lé sí i, ìdajì àkókò yẹn ló kù. Ní 88, wákàtí 4. Ní 91, wákàtí 2. Bó bá dé 100, ìṣẹ́jú 15 péré ni. Ní 2022, WHO gbé ìlànà kan jáde fún ibi ìgbafẹ́ àti ayẹyẹ, tó ní kí ariwo má kọjá 100 decibel ní ìpíndọ́gba, kí ohun ìdítí wà lárọ̀ọ́wọ́tó, kí ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́ sì wà tí etí ti lè sinmi.

Ohun ìdítí kékeré kò wọ́n. Ẹ ra á fún gbogbo òṣìṣẹ́, ẹ sì ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹni tó wà nítòsí ẹ̀rọ náà ní wákàtí wákàtí. Bí orin bá wálẹ̀ díẹ̀ nígbà oúnjẹ, àwọn àlejò náà á lè gbọ́ ara wọn, agbóúnjẹ náà á sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń béèrè, tí kò fi ní gbé èyí tí wọn ò fẹ́ wá.

* * *

Mo padà sí ọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n yín pé bí a bá kẹ́ wọn jù, wọn ò ní ṣiṣẹ́. Ẹnì kan tún fi kún un pé àwọn agbóúnjẹ òun gbójú, wọ́n ń fi àlejò ṣe yẹ̀yẹ́, pé kí ló fẹ́ dúpẹ́ lé lórí.

Inúrere kò ní ká di ojú wa sí iṣẹ́ tí kò dáa. Bí iṣẹ́ bá ń lọ ṣégeṣège, ẹ pe alábòójútó wọn sí ẹ̀gbẹ́ kan, kó tètè jẹ́, ẹ sọ ohun kan pàtó: “Tábìlì mẹ́ta tó wà nídìí fèrèsé kò tíì rí omi.” Ìyẹn ṣeé tún ṣe. Ariwo láàárín gbọ̀ngàn pé “ẹ̀yin òṣìṣẹ́ yìí ò wúlò” kò ní tún ohunkóhun ṣe. Ẹni tó ń sáré tẹ́lẹ̀ á rẹ̀wẹ̀sì, ẹni tó ń ṣọ̀lẹ á rí i pé ẹjọ́ kan náà ni wọ́n dá fún àwọn méjèèjì.

Kẹ́ ẹ tó dá agbóúnjẹ lẹ́bi pàápàá, ẹ wo ibi tí ìdádúró ti wá. Nínú ohun tí mo ti rí, ó sábà máa ń wá látọ̀dọ̀ àwọn tí kò sí níwájú àlejò: oúnjẹ tí kò tíì jinná, ọkọ̀ tó kó àwo wá pẹ́, olùdarí ètò tí kò jẹ́ kí wọ́n pín oúnjẹ kí ọ̀rọ̀ ìkíni tó parí, tàbí onílé tó gé iye òṣìṣẹ́ kù kí owó lè dín. Agbóúnjẹ kan tí wọ́n fún ní tábìlì tó yẹ kí èèyàn mẹ́ta pín kò lè dé ibi gbogbo. Òun ló ń jẹ èébú, torí òun ni ojú rí. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ kí wọ́n ṣiṣẹ́ dáadáa, kí wọ́n pọ̀ tó ni ohun àkọ́kọ́, mo sì máa fara mọ́ ọn kẹ́ ẹ dín òdòdó orí tábìlì kù láti sanwó fún òṣìṣẹ́ méjì sí i.

Ẹni tó bá jalè tàbí tó bú àlejò, kí ọ̀gá rẹ̀ yọ ọ́ lẹ́nu iṣẹ́ ọjọ́ náà. Ẹ má fi ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ gé owó àwọn tó kù.

* * *

Yinni yinni kẹ́ni ó ṣe mìíràn. Ìyìn tó máa ń wúlò jù fún òṣìṣẹ́ ni èyí tó dé etí ẹni tó lè pè é fún iṣẹ́ mìíràn. Láàárín ọjọ́ bíi mélòó kan lẹ́yìn ayẹyẹ, ẹ kọ lẹ́tà kúkúrú sí ilé-iṣẹ́ náà, ẹ dárúkọ èèyàn, kẹ́ ẹ sì sọ ohun tó ṣe: ẹni tó rí i pé ara màmá arúgbó kan kò yá, tó wá ibi tó tutù fún wọn, ọmọkùnrin tó ń fọ abọ́ tó sì ṣàwárí yẹtí àlejò kan nínú ìdọ̀tí, tó dá a padà. “Gbogbo yín ṣe dáadáa” kò ran ẹnì kankan lọ́wọ́ láti ríṣẹ́. Mo mọ agbóúnjẹ kan tó di alábòójútó torí lẹ́tà méjì irú bẹ́ẹ̀ tẹ̀ léra wọn.

Bẹ́ ẹ bá sì fẹ́ gbé àwòrán wọn sórí íntánẹ́ẹ̀tì láti yìn wọ́n, ẹ tọrọ ààyè. Àwọn mìíràn kò fẹ́ kí ilé-ẹ̀kọ́ wọn tàbí ibi iṣẹ́ wọn kejì mọ̀ pé wọ́n ń ṣe é.

* * *

Èyí tó kẹ́yìn nínú ìbéèrè tó wọlé: “Bí ayẹyẹ bá pẹ́ ju aago tá a dá lọ ńkọ́? Ṣé a gbọ́dọ̀ fi owó kún un?”

Bẹ́ẹ̀ ni. Bí ìwé àdéhùn bá ní aago 10 alẹ́, tí àwọn èèyàn yín ṣì ń jó ní aago 12, wákàtí 2 lẹ ti gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń dúró láti palẹ̀mọ́, ọkọ̀ tí wọ́n rò pé àwọn máa wọ̀ sì ti lè lọ. Ẹ fi iye owó wákàtí kọ̀ọ̀kan tó bá lé sínú ìwé àdéhùn látìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọwọ́ òṣìṣẹ́ ló máa dé, kẹ́ ẹ sì ya owó wákàtí 2 sọ́tọ̀ yálà ẹ lérò pé ẹ máa pẹ́ tàbí ẹ ò lérò bẹ́ẹ̀. Bí aago bá lù, kí ẹni tí ẹ yàn lọ bá wọn, kó bi wọ́n bóyá wọ́n lè dúró. Àwọn tó bá lọ́mọ kékeré nílé, ẹ jẹ́ kí wọ́n máa lọ pẹ̀lú owó wọn ní pípé.